Láti Ọ̀pá dé Ọ̀pá

Àwọn awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà àárín pápákọ̀ òfurufú méjèèjì ní bí wọ́n ṣe ń ka ìrìn àjò, ẹni tí kò bá bá wọn ṣiṣẹ́ kò lè mọ̀ ọ́n. Pápákọ̀ kan wà lórí òkè, èkejì wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀. Òkè àti Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń pè wọ́n. Bí ẹyẹ bá gbéra láti ọ̀kan, kò ní í pẹ́ tí yóò fi bà sí èkejì, àwọn tó ń wa ọkọ̀ òfurufú pàápàá a máa sọ pé bí àwọn bá ti fò kúrò ní Òkè, àwọn ti ń rí òrùlé Ìsàlẹ̀. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ òfurufú kankan kò fi ń fò láàárín wọn. Ta ni yóò gun ojú sánmà láti fi lọ kí aládùúgbò? Ṣùgbọ́n adágún ńlá kan nà gbalaja sí àárín, títì sì ní láti yí i po, kó gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kó sọ̀ kalẹ̀, kó gba orí afárá, kó tó já.

Ní ẹnu ọ̀nà pápákọ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀pá gígùn kan wà tí wọ́n kùn ní pupa àti funfun. Ẹ̀ṣọ́ ló ń gbé e sókè fún ọkọ̀, òun náà ló ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ àwọn awakọ̀ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ojoojúmọ́ ni ọ̀gá ń bá wọn jà pé wọ́n pẹ́. Wọ́n á ní báàgì èrò ni kò tètè jáde, ọ̀gá á ní àwáwí ni. Níkẹyìn, olórí awakọ̀ ìgbà náà dìde nínú ìpàdé, ó ní, "Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà, ti ọlọ́gbà ni. Tiwa bẹ̀rẹ̀ níbi ọ̀pá, ó parí síbi ọ̀pá." Ọ̀gá rò ó, ó gbà. Láti ìgbà náà, bí èèyàn bá bi èyíkéyìí nínú wọn pé báwo ni ọ̀nà yẹn ṣe jìn tó, wákàtí méjì ni yóò sọ. Kò purọ́. Láti ọ̀pá dé ọ̀pá, wákàtí méjì ni.

Màmá Jẹ́jẹ́ ti sọ ọ́ títí, ó ti gbàgbé pé wákàtí mìíràn wà.

Òun nìkan ni obìnrin láàárín wọn. Ọkọ rẹ̀ ló ń wa bọ́ọ̀sì kékeré náà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí eegun ẹ̀yìn dá a dùbúlẹ̀, ìyàwó tó fúnra rẹ̀ kọ́ ní ọkọ̀ wíwà ló bọ́ sí ìjókòó rẹ̀. Àwọn ọkùnrin ibùdókọ̀ kọ́kọ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní bó ṣe ń wakọ̀ yìí, ìgbín á yà á sílẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tó gbà gbọ́ nìyẹn. Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ iwájú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ tó máa ń ké fíìì bí awakọ̀ bá ti sáré kọjá bó ṣe yẹ. Ti àwọn yòókù a máa ké bí òròmọdìẹ tí àṣá ń lé. Tirẹ̀ ò ké rí.

"Ẹ lọ tún ẹ̀rọ yín ṣe," wọ́n á sọ fún un. "Odi ni."

"Kì í ṣe odi," á fèsì. "Ọmọlúàbí ni. Kì í sọ̀rọ̀ níbi tí wọn ò bá ti bi í."

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, àbíkẹ́yìn rẹ̀, ni yóò gbé. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi ni ọmọ náà kọ́. Ó ti ń wá ibi tí wọn yóò ti gbà á fún ọdún mẹ́rin, ó ń tún ẹ̀rọ amúnáwá ṣe káàkiri àdúgbò kí ọwọ́ má bàa dilẹ̀, kí ọkọ̀ ojú omi ńlá kan tó ní àwọn yóò mú un, bó bá ti yege ìdánwò ìkẹyìn. Ó yege. Ìlú tó ti ṣèdánwò jìnnà, Òkè nìkan sì ni ọkọ̀ òfurufú ibẹ̀ ń bà sí. Ìsàlẹ̀ nìkan ni èyí tó ń lọ sí ìlú èbúté ti ń gbéra. Ọkọ̀ ojú omi náà yóò kúrò ní èbúté lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an. Bí wọn kò bá rí i níbẹ̀, ẹlòmíràn wà tó ti di ẹrù sílẹ̀, tó ń gbàdúrà kí ó má dé.

Màmá Jẹ́jẹ́ ń nu gíláàsì iwájú ọkọ̀ rẹ̀ ní ibùdókọ̀ Òkè nígbà tí fóònù rẹ̀ dún.

"Màámi, a ti ń wọ ọkọ̀ o."

"Ọmọ mi! Ṣé o jẹun?"

"Ẹ ò jẹ́ bi mí bóyá mo sùn. Màámi, ẹ fọkàn balẹ̀, gbogbo ẹ̀ ti wà létòlétò. Láti ìgbà tí mo bá balẹ̀ lọ́dọ̀ yín sí ìgbà tí èkejì máa gbéra, wákàtí mẹ́ta ni. Méjì lẹ sọ fún mi. Wákàtí kan á kù tí màá fi nasẹ̀."

Ó fẹ́ dáhùn pé ó dáa. Aṣọ ìnugíláàsì dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó rántí pé ọmọ náà ti bi í lóòótọ́, ní ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan sẹ́yìn, nígbà tó ń ká aṣọ gbígbẹ lórí bẹ́ẹ̀dì. "Màámi, báwo ni Òkè sí Ìsàlẹ̀ ṣe jìn tó?" Òun sì dáhùn bí ẹni tó ń dáhùn ẹ kú àárọ̀. Wákàtí méjì.

"Màámi? Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́ ẹ. Máa bọ̀. Ọlọ́run á mú ẹ dé."

Nígbà tó gbé fóònù sọ̀ kalẹ̀, ó fara ti ọkọ̀. Wọ́n á balẹ̀, wọ́n á pẹ́ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Wọ́n á dúró de báàgì. Ó di ìgbà tí wọ́n bá jáde, tí gbogbo èrò pé, kí ọkọ̀ tó sún dé ibi ọ̀pá. Ìgbà yẹn ni wákàtí méjì tó bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá sì dé ọ̀pá Ìsàlẹ̀, ọ̀nà ṣì wà láti ibẹ̀ dé ẹnu ilẹ̀kùn, ìlà ṣì wà níwájú àwọn tó ń gba ẹrù, àwọn yẹn a sì máa palẹ̀ mọ́ tipẹ́ kí ọkọ̀ òfurufú tó gbéra. Bó ṣe ń rò ó ni wákàtí kan tí ọmọ fẹ́ fi nasẹ̀ ń yọ́ bí iyọ̀ nínú omi, títí tí kò fi ṣẹ́ kù, títí tó fi di gbèsè. Ó pe ọkọ rẹ̀.

"Bàbá àwọn ọmọ, mo ti ba nǹkan jẹ́."

"O kọlu ẹnì kan?" Ohùn bàbá ti ga.

"Rárá o! Ọmọ yẹn ni. Mo ní wákàtí méjì ni láti Òkè sí Ìsàlẹ̀."

"Ṣé wákàtí méjì kọ́ ni?"

"Láti ọ̀pá dé ọ̀pá ni!"

Ó ń gbọ́ ìró bẹ́ẹ̀dì ọkọ rẹ̀ tó ń han bó ṣe ń gbìyànjú láti dìde.

"Yéè," ni bàbá sọ níkẹyìn. "Èmi ni mo kọ́ ẹ."

"Ìyẹn ò lè mú ọkọ̀ yára."

"Sọ fún un, kó mọ̀."

"Ojú sánmà ló wà báyìí. Bó bá mọ̀, kí ló máa ṣe? Ṣé kó fò jáde lójú fèrèsé ni?"

"Nígbà náà, wakọ̀. Ìyá àwọn ọmọ, lónìí nìkan, gbàgbé jẹ́jẹ́."

"Dùbúlẹ̀, kí ẹ̀yìn ẹ má bàa tún yẹ̀," ó sọ fún un, ó sì pa fóònù.

Ọkọ̀ òfurufú náà balẹ̀ lásìkò. Ọmọ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jáde, báàgì dúdú ńlá lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rín lẹ́nu. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀ lójú gbogbo èrò, ó sì gbé e mọ́ra. Ìyá gbé ẹrù rẹ̀ sínú ọkọ̀ kíákíá, ó tì í wọlé bí ẹni tó ń ti ọmọ iléèwé. Èrò mẹ́rin mìíràn tẹ̀ lé wọn. Ó ku ẹnì kan.

Òfin wọn ò gba kí awakọ̀ fi èrò tó ti sanwó sílẹ̀. Ẹni tó bá ṣe é, kó máa lọ sílé ni. Màmá Jẹ́jẹ́ ń wo ẹnu ọ̀nà, ó ń tún gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan lé èkejì. Nígbà tó yá, ìyá àgbà kan yọjú, ara rẹ̀ tín-ínrín, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ó ní. "Báàgì mi ò jáde. Wọ́n ní kí n padà wá wò ó. Mi ò tiẹ̀ mọ ibi tí wọ́n ní kí n wò."

Kí Màmá Jẹ́jẹ́ tó la ẹnu, ọmọ rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀.

"Ẹ fi sílẹ̀ fún mi, Màmá. Báwo ni báàgì yín ṣe rí?"

"Aláwọ̀ ewé ni. Mo so ríbọ́ǹnù mọ́ ọn lọ́rùn bí ajá."

"Ríbọ́ǹnù bí ajá! Ẹ jẹ́ ká lọ pè é, bóyá á jùrù wá."

Àwọn méjèèjì wọlé padà, ìyá àgbà dì mọ́ apá rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Màmá Jẹ́jẹ́ dúró níbẹ̀. Ọmọ tí òun tọ́ láti máa ran àgbà lọ́wọ́ nìyí, ọ̀nà wo ni òun yóò gbà sọ fún un pé lónìí, kó má ràn wọ́n lọ́wọ́? Àkókò tirẹ̀ gan-an ló ń fi wá báàgì ẹlòmíràn. Bó bá sì sọ òtítọ́ fún un, á ní kí wọ́n máa lọ, òun ni yóò sì pinnu bóyá kí òun fi arúgbó sílẹ̀ tàbí kí òun jẹ́ kí ọkọ̀ òfurufú fi ọmọ òun sílẹ̀. Ó gbé ojú sí aago ara ògiri. Ó gbé e kúrò. Ó tún gbé e síbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fi jáde pẹ̀lú báàgì aláwọ̀ ewé, ó ti jókòó sídìí ọkọ̀, ó ti ṣáná sí i.

Ẹ̀ṣọ́ gbé ọ̀pá sókè. "Màmá Jẹ́jẹ́, ó dàbọ̀ o!"

Ọkọ̀ ti kọjá kó tó sọ ọ́ tán. Ọkùnrin náà wo ẹ̀yìn ọkọ̀ bó ṣe ń lọ, ẹnu yà á.

Ọmọ jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó ń ròyìn ìdánwò. Ó ní olùdánwò kan na ọwọ́ sí páìpù kan, ó ní kí òun sọ iṣẹ́ tó ń ṣe, òun sì ní páìpù yẹn ò ṣiṣẹ́ kankan, wọ́n kàn fi síbẹ̀ láti fi dán òun wò ni. Gbogbo èrò rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín nígbà tí àwọn yòókù ti rín tiwọn tán. Ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í dà gẹ̀rẹ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ adágún. Níbi tó ti máa ń tẹ búréèkì ṣáájú kọ́nà kìíní, kò tẹ̀ ẹ́.

Fíìì!

Gbogbo wọn gbọ̀n. Ẹ̀rọ kékeré náà tan iná pupa, ó ń ké.

"Ó sọ̀rọ̀!" ọmọ pariwo. "Màámi, odi yín sọ̀rọ̀!" Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe yíjú sí i. Ẹ̀rín náà rọra kúrò lójú rẹ̀. Ó wo ọwọ́ ìyá rẹ̀ lórí ìtọ́kọ̀. Eegun ìka rẹ̀ ti yọ. "Màámi, kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan."

"Ẹ̀yin lẹ ń sáré yìí. Kí ló dé?"

Ẹ̀rọ tún ké. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò díẹ̀, ó sì sọ ọ́. Ó sọ ti ọ̀pá, ó sọ ti ọgbà àti ọlọ́gbà, ó sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe bọ́ lẹ́nu òun lọ́jọ́ tí òun ń ká aṣọ. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ kí èrò má bàa gbọ́, àmọ́ ọkọ̀ kékeré ni, wọ́n gbọ́.

Ọmọ mú fóònù rẹ̀ jáde, ó wò ó, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí itan. Ìyá ì bá fẹ́ kó bínú. Ó ń rántí bí ọmọ náà ṣe máa ń dákẹ́ báyìí ní kékeré, bí nǹkan ìṣeré rẹ̀ bá já bọ́ tó fọ́, tí kò ní í sunkún, tí yóò kàn máa wo ibi tó fọ́ sí.

"Ẹ má sáré jù," ó sọ nígbà tó pẹ́. "Ká kọ́kọ́ dé láàyè."

Wọ́n dé orí afárá. Wọ́n ń tún apá kan rẹ̀ ṣe, apá kejì nìkan ni ọkọ̀ ń gbà. Ọkùnrin tó mú àsíá pupa dání dúró síwájú wọn, ó ń gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tí kò níbì kan án lọ láyé. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ń bọ̀ lódìkejì, ó ń wọ́ bọ̀. Màmá Jẹ́jẹ́ ń fi ìka lu ìtọ́kọ̀. Ó ń gbàdúrà, kò sì mọ ohun tó ń sọ nínú àdúrà náà mọ́. Fóònù rẹ̀ dún, ọkọ rẹ̀ ni. Ọmọ gbé e.

"Bàbá, a wà lórí afárá."

"Ṣé ó ń sáré?"

"Ó ti ń sáré jù."

"Kí ó máa sáré! Sọ fún un pé èmi ni mo ní kó sáré!"

"Sọ fún bàbá ẹ kó padà sórí bẹ́ẹ̀dì," ni ìyá wí. Ìyá àgbà tó wà lẹ́yìn rẹ́rìn-ín, òun nìkan.

Àsíá pupa yí padà sí aláwọ̀ ewé. Wọ́n rí òrùlé Ìsàlẹ̀. Wákàtí tí ọkọ̀ òfurufú àwọn èrò yòókù yóò gbéra ṣì jìnnà, síbẹ̀ gbogbo wọn na ọrùn síwájú bí ẹni tó fẹ́ fi ọrùn ti ọkọ̀. Wákàtí méjì ò tíì pé láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò lábẹ́ ọ̀pá Òkè. Kò sí awakọ̀ tó lè bá a wí. Ìyẹn gan-an ló ń dùn ún.

Ọkọ̀ sì tò gbọọrọ síwájú ọ̀pá Ìsàlẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ń wo abẹ́ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ń ṣí ẹ̀yìn, ó ń pa á dé. Ìlà ò sún.

"Àwọn tó ń gba ẹrù á ti fẹ́ palẹ̀ mọ́," ọmọ sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ó ti tán."

"Ṣé nítorí báàgì ni?" Ìyá àgbà ló béèrè. Ó ti fà síwájú láàárín ìjókòó méjèèjì. "Ìwọ fúnra ẹ ńkọ́? Ṣé ìwọ náà gbọ́dọ̀ tò síbi tí wọ́n ti ń gba ẹrù?"

"Rárá, Màmá. Mo ti gba ìjókòó mi lórí fóònù. Bí kì í bá ṣe ẹrù, tààrà ni mo máa lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn."

"Kí wá ni o ń bá ẹrù ṣe? Fi í sílẹ̀."

"Aṣọ iṣẹ́ mi ló wà níbẹ̀, Màmá. Bàtà onírin mi. Gbogbo nǹkan mi."

"Èmi náà ò ní báàgì láàárọ̀ yìí, mi ò kú. Ṣé wọ́n á tì ẹ́ sínú òkun nítorí o ò ní ṣòkòtò kejì? Ẹni tó sanra tó ẹ ò lè wọ́n nínú ọkọ̀ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Yá tiẹ̀. Bọ́ sílẹ̀, dìde!"

Ọmọ wo ìyá rẹ̀. Màmá Jẹ́jẹ́ ti ní àdúrà kan tó fẹ́ gbà fún un lónìí, ó ti tò ó láti òru, ọ̀rọ̀ tó ní orí àti ìdí. Ó ti ra súwẹ́tà kan tó fẹ́ fà lé e lọ́wọ́. Ó na ọwọ́ kọjá àyà ọmọ náà, ó ṣí ilẹ̀kùn fún un.

"Sáré," ó ní.

Ọmọ ti bọ́ sílẹ̀, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ nínú àpò àyà. Ó tún ń wo ẹ̀yìn.

"Sáré! Ọmọ mi, sáré!"

Ó sáré. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kọjá lábẹ́ ọ̀pá, ẹ̀ṣọ́ kan pariwo lé e lórí, ó ń gbé fóònù rẹ̀ sókè bí ẹni ń gbé àsíá. Ẹ̀ṣọ́ náà jọ̀wọ́ rẹ̀. Wọ́n rí i títí dé kọ́nà, wọn ò sì rí i mọ́.

Màmá Jẹ́jẹ́ já àwọn èrò sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá àgbà fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ó fa báàgì oníríbọ́ǹnù rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, awakọ̀ náà gbé ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ odi, ó ń wo ojú ọ̀run. Ọkọ̀ òfurufú kan gbéra. Kò mọ̀ bóyá òun ni. Ó pe ọmọ rẹ̀. Ohùn obìnrin inú ẹ̀rọ ní wọ́n ti pa fóònù náà. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ohùn yẹn ti ń já a láyà. Ó tún pè. Wọ́n ti pa á. Ó tún pè.

Ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ́ nígbà tó pè é. "Inú ọkọ̀ òfurufú ni wọ́n ti ń ní kí èèyàn pa fóònù, àbí?"

"Bóyá iná ló tán nínú ẹ̀."

"Bí kò bá rí ọkọ̀ náà bá, á ti pè wá. Ọmọ tí kì í lè gbé ẹjọ́ mì."

"Ó lè gbé e mì," Màmá Jẹ́jẹ́ ní. "Ìwọ ni o ò mọ̀ ọ́n." Síbẹ̀ ó dúró lórí ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀, ó sì fara rọ̀ ọ́.

Nígbà tí èrò tó ń padà sí Òkè fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ọmọ ò tíì pè. Ìyá rẹ̀ ti gbé báàgì dúdú náà sí ìjókòó iwájú, ó sì ti de bẹ́líìtì mọ́ ọn. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń kánjú ṣílẹ̀kùn iwájú, ó bá báàgì níbẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ṣé mo lè jókòó síbí?"

"Ẹnì kan ló ni ín. Lọ sẹ́yìn, ibẹ̀ fẹ̀ dáadáa."

Ọ̀dọ́bìnrin náà jókòó, ó mú fóònù jáde, ó ń wo aago. "Màmá, ọkọ̀ mi ò ní í pẹ́ gbéra ní Òkè. Báwo ni ibẹ̀ ṣe jìn tó?"

Ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu rẹ̀, ó ti wà níbẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá. Màmá Jẹ́jẹ́ pa ẹnu dé. Ó yí gbogbo ara sẹ́yìn lórí ìjókòó rẹ̀ kí ó lè rí ojú ọmọbìnrin náà.

"Láti ibo dé ibo, ọmọ mi?"